Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé Láti Àkọ́rọ̀ Títí Dé Ìgbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo, ọ̀rọ̀ tí a ní í bá yín sọ nínú ìwé yìí kì í ṣe ti oko ńlá. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kékeré ẹ̀yìn ilé ni, ibi tí ìyá àgbà máa ń da èso tẹ̀tẹ̀ sí nígbà tí òjò bá ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, tí ewédú ń lalẹ̀ hù létí balùwẹ̀, tí igi ewúro méjì tàbí mẹ́ta sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ó ṣọ̀wọ́n kí a dé agbo-ilé kan ní Abẹ́òkúta, tàbí abúlé kan ní ọ̀nà Ọdẹ́dá, kí a má rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún, ẹ̀fọ́ ibẹ̀ a pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a óò máa já a fún aládùúgbò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ilẹ̀ kan náà ní oṣù kejì: koríko gbígbẹ ni, àti àwọn adìẹ tí ń wa erùpẹ̀. Ìyá ilé a mú owó lọ sí ọjà Kútọ̀ tàbí ọjà Láfẹ́nwá, a sì ra ìdì ẹ̀fọ́ tín-ín-rín tí oòrùn ti pa, ní iye tí yóò mú un mí kanlẹ̀. Làfún wà nílé, ewédú ni kò sí.

Ilẹ̀ náà kò yí padà láàárín oṣù mẹ́jọ yìí. Ojú ọ̀run ni ó yí padà, tí ọwọ́ wa kò sì bá a yí. Ohun tí a fẹ́ fi yé yín ni pé ẹ̀ẹ̀rùn nìkan kọ́ ní í pa ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Ohun tí ń pa á ni pé a kì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀. Ẹ̀fọ́ tí ẹ óò jẹ ní oṣù kìíní ọdún, láti oṣù keje ni ó yẹ kí ẹ ti máa múra sílẹ̀ dè é.

ÒJÒ WA ÀTI ILẸ̀ WA

Òjò ilẹ̀ Ẹ̀gbá a máa wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọdún. Àkọ́rọ̀ a bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, a sì máa le sí i títí dé oṣù keje. Ní oṣù kẹjọ, òjò a sinmi díẹ̀. Ojú ọ̀run a ṣú, afẹ́fẹ́ a tutù, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni omi tí yóò bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àrọ̀kúrò a dé, láti oṣù kẹsàn-án títí dé ìparí oṣù kẹwàá. Láti oṣù kọkànlá ni ẹ̀ẹ̀rùn ti ń jọba, ọyẹ́ a sì fẹ́ wá láti ìhà àríwá ní nǹkan bí oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Bí a bá lè kó gbogbo òjò tí ń rọ̀ sí Abẹ́òkúta lọ́dún kan jọ sójú kan, láìjẹ́ kí ó ṣàn lọ, yóò ga tó nǹkan bí mìlímítà 1,200, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àyà àgbàlagbà. Òjò náà kò kéré rárá. Bí a ṣe pín in ni kò dọ́gba.

Ilẹ̀ wa náà kò rí bákan náà. Ní Abẹ́òkúta àti ní agbègbè Ọdẹ́dá, orí òkúta ni a wà, orúkọ ìlú wa pàápàá kò sì jẹ́ kí a gbàgbé. Erùpẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ iyanrìn tí òkúta wẹ́wẹ́ dà pọ̀ mọ́, kò jìn, omi kì í sì í pẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù, sí Èwékorò àti Ìfọ̀, níbi tí òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì wà lábẹ́ ilẹ̀, erùpẹ̀ a jìn, a pupa, a sì máa di omi mú ju ti òkè lọ. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba ìmọ̀ràn aládùúgbò yín tí ó wà ní Ìfọ̀ lórí iye ìgbà tí a ń bomi rin ẹ̀fọ́, bí ó bá jẹ́ pé orí àpáta ni ilé tiyín wà.

Oògùn kan náà ni ilẹ̀ méjèèjì ń fẹ́, ìyẹn ni ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáradára. Kò sí ilé Ẹ̀gbá tí ó yẹ kí ó ra á bí ó bá ní sùúrù. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí a ń dà nù níbi tí a ti ń ṣe làfún àti gàrí, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú ààrò, koríko tí a ro, àti ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́, ohun tí a nílò nìyẹn. Ẹ kó wọn jọ sí abẹ́ igi ní ìpele-ìpele, ìpele pàǹtírí kan, ìpele ìgbẹ́ ẹran fẹ́ẹ́rẹ́ kan, títí yóò fi ga dé ìbàdí. Ẹ bo orí rẹ̀, kí òjò má baà fọ agbára rẹ̀ lọ. Ẹ máa yí i padà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní oṣù keje, nígbà tí koríko pọ̀, yóò ti di dúdú, yóò sì ti máa fọ́ lọ́wọ́ ní oṣù kẹwàá, gẹ́lẹ́ nígbà tí ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò béèrè rẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò ṣe é dà sí ìdí ẹ̀fọ́ lọ́jọ́ tí a kó o dé. Yóò jó o. Ẹ jẹ́ kí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó pò ó mọ́ ilẹ̀.

ÀKỌ́RỌ̀

Òjò àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta a máa tan àgbẹ̀ jẹ. Ó lè rọ̀ ní alẹ́ kan tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ilé yóò yọ̀, kí oòrùn sì tún mú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Èso tí a gbìn lọ́jọ́ náà a hù, a sì gbẹ. Ẹ fi òjò kìíní ṣe iṣẹ́ ilẹ̀: ẹ kọ ebè, ẹ po ajílẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tún ọgbà ṣe kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Pèrègún àti bọ̀tújẹ̀ tí àwọn baba wa ń gbìn yí ilé ká ṣì dára ju wáyà lọ ní èrò tèmi, nítorí pé ewúrẹ́ kì í jẹ wọ́n, wọn kì í sì í dípẹtà. Bí òjò bá ti rọ̀ dáradára lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, nígbà náà ni kí ẹ tú àpò èso.

Kí ebè má ṣe fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 4 lọ, kí ọwọ́ yín lè dé àárín rẹ̀ láti ìhà méjèèjì láìtẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gígùn rẹ̀ lè tó ẹsẹ̀ bàtà 20. Ní ìgbà òjò, kí ó ga sókè ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kí poro sì wà láàárín rẹ̀ àti èkejì fún omi láti ṣàn lọ.

Èso tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kéré púpọ̀; bí a bá fi ọwọ́ fọ́n ọn lásán, ojú kan yóò hù bí irun orí, ojú kejì yóò pá. Ẹ po ìkúnwọ́ èso kan mọ́ ìkúnwọ́ iyanrìn gbígbẹ mẹ́wàá kí ẹ tó fọ́n ọn. Ẹ lè fà á tu ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tàbí kí ẹ gé e ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ó lè tún yọ ẹ̀ka. Ti ewédú ní àdììtú tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbìn ín, wọn a sì máa kígbe pé èso tí wọ́n rà kò hù. Èso náà yè. Èèpo rẹ̀ ni ó le, tí omi kò fi lè wọ̀ ọ́. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gbé omi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kúrò lórí iná, ẹ ri aṣọ náà bọ̀ ọ́, ẹ ka láti ení dé ẹ̀wá, kí ẹ sì yọ ọ́ kíákíá sínú omi tútù. Ẹ sá a kí omi ara rẹ̀ gbẹ díẹ̀, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ óò rí ìyàtọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ nínú omi gbígbóná náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ti sè é nìyẹn.

Ṣọkọ, ewédú, ilá àti tòmátì ní ọ̀tá kan náà tí a kì í fi ojú rí. Bí ẹ bá fa ṣọkọ tí ó ràn tu, tí ẹ rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ wú ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, àwọn aràn tíntínní inú ilẹ̀ ni ó wọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe tún gbin ọ̀kankan nínú àwọn mẹ́rin náà sí ebè yẹn ní àsìkò tí ó tẹ̀ lé e. Tẹ̀tẹ̀ a máa fara dà á ju wọn lọ. Ẹ fi í sí ibẹ̀, ẹ sì fi ajílẹ̀ kún un. Kí ẹ fi iná sun gbòǹgbò tí ẹ fà tu. Ẹ má ṣe jù ú sínú òkìtì pàǹtírí.

NÍGBÀ TÍ ÒJÒ PỌ̀ JÙ

Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, omi kì í ṣe ìṣòro mọ́, àpọ̀jù rẹ̀ ni ìṣòro. Ewé tẹ̀tẹ̀ tí ó há mọ́ra a máa rà láti orí, irun dúdú fẹ́ẹ́rẹ́ a sì hù lé e bí ti búrẹ́dì tí ó bu. Ẹ tín in kí afẹ́fẹ́ lè kọjá láàárín rẹ̀, kí ẹ sì máa já a ní ọ̀sán lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ. Kòkòrò tútù kan a tún máa ká ewé tẹ̀tẹ̀ pọ̀ mọ́ ara rẹ̀, a sì gbé inú rẹ̀ jẹ ẹ́. Fún ebè mélòó kan ẹ̀yìn ilé, ọwọ́ ọmọdé méjì ní òwúrọ̀ tó láti ṣà á. Bí ó bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gún ewé dóńgóyárò tí ó kún garawa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lítà 10 mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ sì wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́.

Níhìn-ín ni mo ní láti sọ̀rọ̀ líle. Àwọn kan ń mú oògùn tí a ń fín sí kòkó, tàbí èyí tí a ń pè ní Sniper tí a ń fi pa ẹ̀fọn, wọ́n ń fín in sí ẹ̀fọ́ tí wọn yóò já lọ sí ọjà ní ọ̀túnla. Májèlé ni. Kì í ṣe fún ẹ̀fọ́ ni a ṣe é, omi tí a fi ń ṣan ẹ̀fọ́ kò sì lè mú un kúrò tán. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC gbé ìgbésẹ̀ láti dá títà á nínú ìgò kékeré dúró, nítorí ìlòkulò rẹ̀. Ewé tí kòkòrò jẹ díẹ̀ lára rẹ̀ kò tíì pa ẹnikẹ́ni rí.

Oṣù keje yìí kan náà ni kí ẹ gbé ojú sókè wo òrùlé yín. Bí òrùlé páànù bá gùn ní mítà 10, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 6, òjò mìlímítà 20 kan ṣoṣo, èyí tí kò ju òjò ìrọ̀lẹ́ kan tí ó le díẹ̀ lọ, yóò da nǹkan bí lítà 1,200 sílẹ̀ láti orí rẹ̀. Bí a bá yọ èyí tí yóò tàn sí ẹ̀gbẹ́, ó ṣì kún àgbá ńlá márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan ọ̀pọ́n omi sí etí òrùlé kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ẹ bo àgbá náà dáradára, kí ó má baà di ilé ẹ̀fọn.

Nígbà tí òjò bá sinmi ní oṣù kẹjọ, ẹ gbin ọmọ tòmátì àti ata sínú àpótí tàbí sí ebè kékeré kan lábẹ́ ìbòòji fẹ́ẹ́rẹ́. Tòmátì tí a gbìn ní àkọ́rọ̀ a máa ràn nítorí òjò, a sì máa jẹrà kí ó tó pọ́n. Èyí tí a gbin ọmọ rẹ̀ ní oṣù kẹjọ, tí a ṣí lọ sí ojú ebè ní oṣù kẹsàn-án, ni yóò so nígbà tí ojú ọ̀run ti ń mọ́. Ata lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó tó ṣí.

ÀRỌ̀KÚRÒ, ÀTI ÌDÍ TÍ EWÉDÚ FI Ń YÁRA SO

Ẹ̀dùn kan wà tí a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá wa lọ́dọọdún. Wọn a ní ewédú tí àwọn gbìn ní oṣù karùn-ún ga dé ìbàdí, ewé rẹ̀ sì gbòòrò. Ṣùgbọ́n èyí tí àwọn gbìn ní oṣù kẹwàá, lórí ilẹ̀ kan náà, láti inú ìgò èso kan náà, kò tíì dé orúnkún kí ó tó tanná, tí ó ti ń so pápá. Àwọn kan ní ilẹ̀ ti sá. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó tà á fún àwọn fi èso burúkú tan àwọn jẹ.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ewédú ń ka gígùn òru. Ní Abẹ́òkúta, ọ̀sán tí ó gùn jù lọ, ní oṣù kẹfà, jẹ́ nǹkan bí wákàtí 12 àti ààbọ̀. Èyí tí ó kúrú jù lọ, ní oṣù kejìlá, jẹ́ nǹkan bí wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 40. Ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan, àwa ènìyàn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kíyè sí i, bí kò ṣe ẹni tí ń jí lọ sí oko. Ṣùgbọ́n ewédú mọ̀ ọ́n. Bí òru bá ti ń gùn sí i, ara rẹ̀ ń sọ fún un pé òjò fẹ́ tán, àsìkò tó láti sá fi irú sílẹ̀ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó pa òun. Nígbà náà ni yóò fi ewé sílẹ̀, tí yóò sì dojú kọ èso. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ náà ní irú ìwà yìí. Kò sí ajílẹ̀ tí ó lè yí i lọ́kàn padà.

Bí a bá ti mọ èyí, a ó yí ọ̀nà ìgbìn padà dípò kí a máa jà. Láti oṣù kẹwàá lọ, ẹ má ṣe gbin ewédú tí ẹ óò máa já lórí fún oṣù mẹ́ta. Ẹ gbìn ín kí ó sún mọ́ra, ẹ fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó ronú àtitanná, kí ẹ sì tún fọ́n òmíràn. Ẹ pín ebè kan sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ẹ máa gbin ìdá kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ẹ bá gbin ìdá kẹrin tán, ìdá kìíní ti tó fà.

Ìwà kan náà yìí ni ó sọ ilá àtijọ́ di ọ̀rẹ́ wa. Ilá méjì ni ó wà ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀kan a máa so láàárín oṣù méjì, ìgbàkígbà tí a bá gbìn ín. Èkejì a ga bí igi, igi ìdí rẹ̀ a nípọn, a sì dúró láti àkọ́rọ̀ láìso ohun kan títí àwọn mìíràn yóò fi bínú gé e dànù. Ẹ má ṣe gé e. Ó ń retí òru gígùn. Ní oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í so, yóò sì máa so wọ inú ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ti ọjà ti wọ́n. Ìdí márùn-ún tàbí mẹ́fà rẹ̀ létí ọgbà yóò bọ́ ilé kan, èyí tí ó bá ṣẹ́kù a di orúnlá. Ó ń dùn mí pé ọ̀pọ̀ ilé ti sọ irú rẹ̀ nù nítorí ìkánjú.

Àsìkò yìí náà ni ó dára jù lọ láti tọ́jú èso irúgbìn, nítorí pé òjò kò ní í ba pápá jẹ́ lórí igi. Ẹ yan ìdí tí ó sàn jù, kì í ṣe èyí tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti já èyí tí ó dára jẹ tán. Ẹ gbẹ èso rẹ̀ ní ìbòòji, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ó gbẹ pẹ̀lú eérú díẹ̀, ẹ dé e pinpin. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ irú tuntun lè béèrè ní ilé ìwádìí NIHORT tí ó wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1975, tàbí ní Yunifásítì ètò ọ̀gbìn tí ó wà ní ọ̀nà Alábàtà, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988.

Ẹ̀Ẹ̀RÙN ÀTI ỌYẸ́

Nígbà tí òjò ìkẹyìn bá ti rọ̀, ẹ wó ebè gíga náà. Ebè ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ rì. Ẹ wa ilẹ̀ sísàlẹ̀ ní ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ fi erùpẹ̀ rẹ̀ ṣe etí yíká bí etí àwo, ẹ po ajílẹ̀ tí ẹ ti ń tọ́jú láti oṣù keje mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ dáradára, kí gbogbo omi tí ẹ bá dà sí i lè dúró síbẹ̀. Ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo ojú ilẹ̀ láàárín àwọn ẹ̀fọ́. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ abẹ́ koríko náà ní ọ̀sán oṣù kìíní, ẹ óò rí i bí ilẹ̀ ibẹ̀ ti tutù tó.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò omi. Mìlímítà omi kan lórí ilẹ̀ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó sì fẹ̀ ní mítà kan, lítà kan ni. Ebè ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 20 tó irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ méje. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ọyẹ́ lè gba nǹkan bí mìlímítà 5 lára ẹ̀fọ́ lójúmọ́. Ìyẹn ni lítà 35, tàbí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan àti ìwọ̀n tí ó dín díẹ̀ ní ààbọ̀ èkejì. Àgbá márùn-ún tí òrùlé kún yóò wá tó ebè kan fún nǹkan bí oṣù kan, kò sì ní í jù bẹ́ẹ̀ lọ àfi bí ẹ bá bo ilẹ̀ dáradára. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dán ebè márùn-ún wò ní ẹ̀ẹ̀rùn. Ebè kan tí ó mu omi yó sàn ju márùn-ún tí òùngbẹ ń gbẹ. Ẹ bomi rin ín ní òwúrọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú garawa tí a lu ihò wẹ́wẹ́ sí nídìí, kí omi má baà hú gbòǹgbò jáde.

Omi tí a fi wẹ̀ àti èyí tí a fi ṣan abọ́ wúlò fún ewúro, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ata, bí kò bá ti ní oògùn ìfọṣọ líle nínú. Ẹ má ṣe dà á lé ewé tí ẹ óò já lọ́la. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní agbo-ilé aláró ní agbègbè Ìtòkú àti Kẹ́mta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi aró ṣàn wọ inú ọgbà. Aró àwọn ìyá wa àtijọ́, ewé ẹlú àti omi eérú ni. Ti òde òní ní ọṣẹ olóró àti oògùn mìíràn nínú, ó sì ń pa ilẹ̀. Omi gọ́tà ìlú kò sì yẹ fún ẹ̀fọ́ rárá.

Ẹni tí ó ní àkùrọ̀ létí odò Ògùn ní oríire, ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù. Odò náà a máa kún ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, nígbà tí omi òkè ń bọ̀, tí a sì máa ń tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Òyán tí ó ti wà láti ọdún 1983. Ẹ dúró di oṣù kọkànlá kí omi tó fà kúrò, kí ẹ tó fi owó sí ilẹ̀.

IṢẸ́ TÍ ẸNÌ KAN KÒ LÈ DÁ ṢE

Ìtàn fi yé wa pé inú àáró, níbi tí àgbẹ̀ ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lóko, ni Lísàbí ti kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó dìde sí àwọn ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún. Àáró ni ọgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ń fẹ́. Kànga orí àpáta a máa gbẹ ní oṣù kejì. Ilé mẹ́fà lè pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ọ̀kan kí ó jìn tó, èyí tí ilé kan kò lè dá ṣe. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ẹ sì ń tà, ẹ jókòó ní oṣù kẹsàn-án kí ẹ pín ọ̀sẹ̀ ìgbìn láàárín ara yín. Bí gbogbo yín bá gbìn lọ́jọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà ni ẹ óò dé ọjà Kútọ̀, ẹni tí ń rà yóò sì mọ̀ pé ẹ kò lè gbé ẹ̀fọ́ padà sílé.

Iṣẹ́ kan tún wà tí ó jẹ́ ti gbogbo àdúgbò. Tata dúdú tí ó ní ìlà pupa rúsúrúsú lára, tí ó ń rùn, tí ó sì ń rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, a máa jẹ ewé ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́ títí yóò fi ku igi lásán. Ó fẹ́ràn igbó tí a ń pè ní Akíntọ́lá, tí àwọn mìíràn ń pè ní Awólọ́wọ̀, olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣèlú tí baba rẹ̀ ṣe. Ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, àwọn tata tí ó ti gbó a máa kó ara wọn jọ sí abẹ́ ìbòòji igi kan, wọn a sì yé ẹyin wọn sínú ilẹ̀ níbẹ̀. Ẹyin náà yóò wà nínú ilẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òjò, kò sì ní í pa títí di oṣù kẹwàá tàbí ìkọkànlá. Ẹ yan ọmọdé méjì ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ibi tí wọ́n ń kó jọ sí, kí wọ́n sì fi igi sàmì sí i. Bí àwọn tata bá ti lọ tán, ẹ mú ọkọ́, ẹ wa ibẹ̀ dé ìwọ̀n ìdajì ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ óò rí àpò ẹyin náà bí ìfófòó tí ó gbẹ. Ẹ tú u síta fún oòrùn àti èèrà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn adìẹ wọlé.